Èmi Ni Mo Fi Ojúlówó Oògùn Ba Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Jẹ́

Èmi ni mo ba ẹsẹ̀ ìyá mi jẹ́. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá ilé, kì í sì í ṣe oògùn ayédèrú. Ojúlówó oògùn ni mo lò. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, àkókò ìlò rẹ̀ kò tíì kọjá, ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni mo sì ti rà á. Ọwọ́ tó fi oògùn náà síbi tí kò yẹ ló burú, ọwọ́ mi sì ni. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan wà tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ̀, tó sì ní ìyá tàbí bàbá tó gbọ́kàn lé e pátápátá.

Salicylic acid ni wọ́n ń pe oògùn náà. Ìrorẹ́ ló sọ èmi àti òun di ojúlùmọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé gíga ni ìrorẹ́ ti gba iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo sì ń fi èékánná tú u títí ojú mi fi kún fún àpá. Dókítà awọ ara kan ló wá ní kí n ra ohun ìfọjú tí salicylic acid inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú 100. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni kí n máa fi fọjú, kí n má fi ìpara abóra kún un, kí n sì máa pa ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn kí n tó jáde, nítorí pé bí oògùn bá ta awọ dúdú, àpá tó máa ń fi sílẹ̀ kì í tètè lọ. Mo ṣe bó ṣe wí. Nígbà tó yá, ojú mi dán. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí mo ń lò.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti bá mi wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa oògùn náà. Mo kà á pé lára èèpo igi willow, igi etí odò tó pọ̀ ní Yúróòpù, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1763, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Stone, kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Royal Society pé òun sá èèpo náà gbẹ, òun gún un kúnná, òun sì fún nǹkan bí 50 èèyàn tí ibà ń yọ lẹ́nu lò. Ní 1828, Johann Buchner yọ èròjà kíkorò inú èèpo náà sọ́tọ̀ ní Munich. Ní 1838, Raffaele Piria, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, sọ èròjà náà di salicylic acid. Ní 1897, Felix Hoffmann tún un ṣe ní iléeṣẹ́ Bayer ní Jámánì, ó sì di èyí tí gbogbo ayé ń pè ní aspirin. Aspirin yìí, pẹ̀lú caffeine, ló wà nínú Alábùkún, oògùn ẹ̀fọ́rí tí Jacob Odulate fi gbajúmọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ìyá mi ti ń lò kí wọ́n tó bí mi.

Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, níbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ awọ ara, èmi ni n ó kọ́kọ́ lanu. Mo lè ṣàlàyé pé òkú awọ tó lẹ̀ mọ́ra wọn ló wà lókè ara wa, pé oògùn yìí ń tú ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè bó, pé ó máa ń bá ọ̀rá wọnú ihò tóótòòtó tí ìrorẹ́ ti ń hù. Mo mọ̀ pé bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yàtọ̀. Láti ìdá 0.5 sí ìdá 2 nínú 100 wà fún ìrorẹ́. Ìdá 3, tí wọ́n pò mọ́ ìdá 6 benzoic acid, ni ìpara Whitfield tí a fi ń pa làpálàpá, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fìgbà kan kà mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ìdá 17 ni èyí tó jẹ́ olómi tí wọ́n ń kán sórí kókó kéékèèké tó máa ń yọ lọ́wọ́. Bó bá ti di ìdá 40, ó ti wọ inú pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ tó le gbagidi lẹ́sẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni àwọn èèyàn ń gbà. Mo ní kí aládùúgbò kan fi ìpara Whitfield pa làpálàpá ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ohun ìfọjú tí mo lò, ìrorẹ́ rẹ̀ rọlẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, tí n kò dúró níwájú olùkọ́ ìṣègùn rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà. Mo ń jẹ́ ẹ.

Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni wọ́n máa ń wà lórí ìdúró, nínú bàtà kan tó fún wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Ó ti pẹ́ lára wọn. Èmi ni mo ń ra oògùn rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù, èmi ni mo sì máa ń bá wọn lọ yẹ ṣúgà ara wọn wò. N kò lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni kí n ní n kò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti ọjà dé, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn sí mi. Awọ líle kan ti dì sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wọn tó kéré jù, ó yi, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Àṣàkẹ́, bá mi wo nǹkan yìí. Kì í dùn mí o. Bàtà ni kì í jẹ́ kó wọ̀ dáadáa."

Mo gbọ́ "kì í dùn mí," inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí kí ẹ ronú dáadáa. Obìnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ dúró nínú bàtà tó fún, tí awọ ti yi sí i lẹ́sẹ̀, tó wá ní kò dun òun, ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa dunni, tí kò dunni mọ́, ti ń kú. Kò yé mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Mo mọ oògùn ẹ̀."

Nílé oògùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà mú pílásítà ìdá 40 náà wá, ṣùgbọ́n kò fà á lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fẹ́ lò ó?"

"Ìyá mi ni."

"Ṣé Màmá ò ní àtọ̀gbẹ mà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ wọn dáadáa?"

"Wọn ò ní nǹkan kan."

Mo purọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọmọ náà kò ju àbúrò mi tó kéré jù lọ, ó sì bí mi nínú pé ó ń fi ìbéèrè dá mi dúró lójú àwọn oníbàárà yòókù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, kò ní tà á fún mi. Ìyẹn ni pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó béèrè. Mo sanwó, mo jáde.

Ìwé pélébé kan wà nínú páálí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Mo kà á. Mo rún un, mo jù ú sórí tábìlì.

Ìyàwó àbúrò mi ló mú un, ó tú u, ó kà á. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ lò ó. Ṣé ká kọ́kọ́ bi dókítà Màmá ni?"

Àwọn àbúrò mi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí n ó ṣe tọ́jú ìyá tó bí mi? Lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná." Ó ní kí n má bínú, ó dìde, ó lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi ń pa òwe yẹn láti kékeré. Ọjọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ wọlé wá bá mi, mo lé e jáde lọ sílé ìdáná.

Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, mo ki ẹsẹ̀ ìyá mi bọ̀ ọ́, mo fi aṣọ ìnura nù ún gbẹ, mo gé pílásítà náà, èyí tí mo gé sì tóbi ju awọ líle náà lọ débi pé ó bo ara tó dára mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo tún fi báńdéèjì wé e kó má baà ṣí. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe é, ìyá mi gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní n ó rọ́mọ tọ́jú mi bí mo ṣe ń tọ́jú àwọn. Mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo ṣí i, awọ abẹ́ rẹ̀ ti funfun, ó ti rọ̀, ó ń bó kúrò bí èèpo ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú omi. Mo fi han gbogbo ilé. Mo ní, "Ẹ rí i bí? Ó ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Oògùn yìí kò mọ òkú awọ yàtọ̀ sí awọ tó dára. Ibi tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni yóò máa tú. Ara ẹni tó le ni yóò ké sí i pé ó ti ń jó òun, tí yóò sì já a dànù. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò ní ohùn tó lè fi ké. Mo lẹ òmíràn mọ́ ọn. Nígbà tó yá mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá lọ síbi ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní kí wọ́n má ṣí i títí n ó fi dé.

Ọmọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ń ṣeré lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ó ní, "Màmá àgbà, nǹkan kan ń rùn."

Mo tú báńdéèjì.

Ìka náà ti dúdú. Egbò ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọyún ń jáde. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti wú. Ìyá mi ń wo ojú mi, wọn kò wo ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti jiná?"

Ní ọsibítù, dókítà ní kí ìyá mi di ojú. Ó mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró ṣánṣán lórí igi pélébé, ó ní, "Màmá, tí mo bá fi kàn yín lẹ́sẹ̀, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni." Ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ó fi kan abẹ́ àtàǹpàkò. Wọ́n dákẹ́. Ó fi kan gìgísẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rá náà fi tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Àwa tí a dúró yí wọn ká la rí i. Àwọn kò mọ nǹkan kan.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ó tún máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ há, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gbé ohun tí egbò nílò dé ibẹ̀ kó fi san. Egbò tí yóò jiná lára mi láàárín ọjọ́ díẹ̀ lè di kòkòrò tó wọ eegun lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ. Ó wá bi mí ohun tí wọ́n fi sí i. Mo sọ ọ́.

"Ta ló fi sí i?"

"Èmi ni."

Kò wí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán X-ray fi hàn pé kòkòrò ti dé eegun. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n gé ọmọ-ìka náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ná wa. Owó tí mo ti ń kó jọ láti fi ra ilẹ̀ bá owó ọsibítù lọ. Ìyá mi kò lè dúró pẹ́ mọ́, ìsọ̀ èlùbọ́ tí wọ́n fi rán wa níléèwé sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ-ìka tó ṣẹ́ kù ń ru ẹrù èyí tí a gé, àyẹ̀wò ẹsẹ̀ kò sì lópin fún wọn mọ́ títí ayé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo fi àtọ̀gbẹ tí mo mọ̀ pé ó wà lára wọn sílẹ̀, mo ń pa awọ líle.

Ìyá mi kò bínú sí mi lójú. Ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, nínú ọkọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Àṣàkẹ́, ìyàwó yẹn sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ọ́. Nígbà tí a délé, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ilé, nítorí lójú gbogbo ilé ni mo ti bù ú kù.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé bá àwọn tí mo ti fún nímọ̀ràn. Ẹ̀rù bà mí sí i. Aládùúgbò tí làpálàpá rẹ̀ san ti ń fi ìpara Whitfield pa gbogbo ara ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rìn. Oògùn yìí máa ń gba ojú awọ wọnú ẹ̀jẹ̀. Tí a bá fi pa ibi tó pọ̀, pàápàá lára ọmọdé, ó lè di májèlé, tí ọmọ yóò máa bì, tí yóò máa mí gúlegúle, tí etí àgbàlagbà yóò máa hó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé ohun ìfọjú ìdá 2, ó ti ra salicylic acid lúbúlúbú lọ́jà, ó ń pò ó mọ́ ìpara abóra kí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́. Kò mọ̀ pé bí òun ṣe ń fi í tú awọ òkè ni ìpara abóra náà ń rí ọ̀nà wọlé jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn dókítà awọ máa ń lo ìdá 20 tàbí 30 láti bó awọ òkè ojú, ṣùgbọ́n lábẹ́ àmójútó wọn ni, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọn yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ìtìjú bò mí, mo sọ ọ́ náà.

N kò ní kí ẹ sá fún oògùn yìí. Ohun ìfọjú ìdá 2 wà nílé mi di òní, ìpara Whitfield sì ń pa làpálàpá. Oògùn náà kò jẹ̀bi. Mo mọ ìtàn oògùn náà láti 1763, n kò béèrè ẹsẹ̀ ta ni mo fẹ́ fi sí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ̀yin náà lè dá a lọ́la, pàápàá tó bá jẹ́ pé oògùn náà ti ṣe yín lóore rí. Ẹni tí oògùn bá ṣe lóore ló máa ń yá lára jù láti fi fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ìdá 2 kì í ṣe ìdá 40. Ẹ má fi pa ojú egbò, ẹ má fi sí àmì tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn, ẹ má fi pa gbogbo ara. Aláboyún gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó fi pa ibi tó pọ̀. Ẹ má ṣe fún ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná ní aspirin, nítorí àìsàn Reye, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́, lè tẹ̀lé e. Ẹ gbé àwọn òróró ìfọwọ́ra tí methyl salicylate, ìbátan salicylic acid, wà nínú wọn síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Òróró wintergreen wà lára wọn: agbára ṣíbí tíì kan rẹ̀ tí wọn kò fi nǹkan là ju ti 20 hóró aspirin lọ, ó sì lè pa ọmọ. Tí apòògùn bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ òótọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ àná.

Tí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ lọ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn lónìí. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wo àárín ọmọ-ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, nítorí wọ́n lè má mọ̀. Bí ẹ bá rí awọ líle, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má lẹ pílásítà kankan mọ́ ọn. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹsẹ̀ náà ṣe wà.